Ahọ́n Bàbá àti Ogójì Ọjọ́

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá kú. Kì í ṣe ọjọ́ inú oṣù ni mo ń sọ. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n tí mo fi ọwọ́ ara mi bu ọtí fún un ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ogójì pé, ikú kò sì dúró dè wá.

Ẹni tí kò bá lọ sí ilé kéwú lè má mọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Kalley níbí ní Niamey, Alfa wa kọ́ wa pé ẹni tó bá mu ọtí, ìrun rẹ̀ kò ní gbà fún ogójì ọjọ́, bó bá sì kú láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn láì ṣe túúbá, ẹjọ́ rẹ̀ le. Alfa kò tilẹ̀ pariwo nígbà tó ń sọ ọ́. Ṣe ló ń gé èékánná. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, tí mo gbé e sùn, tí mo sì gbé e jí, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo fi mọ̀ pé bàbá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ń mu ọtí.

Ojo ni mí, n kò ní fi bò. Aṣọ ni mò ń rán ní Talladjé, bí táyà alùpùpù bá bẹ́ lójú títì, abẹ́rẹ́ á wọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn péjọ sílé wa lẹ́yìn ìsìnkú, oníkálùkù ń sọ èyí tó mọ̀ nípa Bàbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Èmi jókòó sí kọ̀rọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́. Èyí tí mo mọ̀ kò ṣeé sọ láàárín èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá. Aṣọ ló gbé wá sí Niamey nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó sì dàgbà sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Kalley, ahọ́n rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ra oyin lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá ló máa ń gbé e wá. Àwọn Zarma, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, a máa wá, wọ́n á fi èdè wọn kí i pé, “Baba, fofo,” wọ́n á sì na ìgò sí i. Bàbá á ti ìka bọ̀ ọ́, á lá a, á di ojú, á máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Bí oyin bá dáa, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Bí kò bá dáa, á ní, “Oyin ni, àmọ́ súgà ti bá a wọ ọkọ̀ kan náà.”

Kò sí ohun tí kì í tọ́ wò. Á fi ahọ́n kan etí aṣọ kó tó rà á, kó lè mọ̀ bóyá aró rẹ̀ yóò ṣí. Á lá omi kànga, á sọ fún ọ pé dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé e sí ti dípẹtà. Bí màmá mi bá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́, à ń retí ohun tí yóò sọ nípa iyọ̀. Ìyàwó rẹ̀, ìyá wa àgbà tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ, a máa sọ fún un pé, “Ẹ ó lá gbogbo Niamey tán kẹ́ ẹ tó kú.”

Ahọ́n yìí kan náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Alfa Ìsáàkà. Alfa Ìsáàkà, ará Ìlọrin, ló kọ́ wa ní kéwú, ilé rẹ̀ kò ju ilé mẹ́ta lọ sí tiwa. Ẹnì kan fún un ní gálọ́ọ̀nù oyin kan, inú rẹ̀ dùn, ó pe àwọn àgbà jọ, ó ń bù ún fún wọn pẹ̀lú búrẹ́dì. Nígbà tó kan Bàbá, ó lá a, ó sì gbé àwo kalẹ̀.

“Alfa, ẹni tó fún yín ní èyí kò fẹ́ràn yín.”

Ojú Alfa pọ́n. “Ẹ̀bùn ni o, Bàbá! Ṣé ẹ ò lè lá a kẹ́ ẹ dákẹ́ ni?”

“Èmi lè dákẹ́,” Bàbá dá a lóhùn. “Ahọ́n mi ni kò lè parọ́.”

Láti ọjọ́ náà, sálámà lásán ló kù láàárín wọn. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á dúró sí sàfù kan náà, ẹnì kan á wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi rí bẹ́ẹ̀.

Ibo ni ahọ́n náà ti kọ́ṣẹ́? Yantala ni, lẹ́bàá odò. Kí wọ́n tó bí mi, ọjà aṣọ kú fún ìgbà díẹ̀, Bàbá sì lọ ṣe kúùkù fún òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn nǹkan mìíràn tó búbọ̀n, ìyẹn wísíkì ilẹ̀ tiwọn, ti àtijọ́ tó le gan-an, tí wọn kì í bu omi là kó tó wọ ìgò. Lẹ́yìn iṣẹ́, á ní kí Bàbá jókòó, á sì máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn rẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé ọdún kan gbáko ni òun fi ń gbóòórùn rẹ̀ láì fi kan ẹnu, kó tó di ọjọ́ kan tí òun fi kàn án. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé, ó kó ìgò díẹ̀ fún un. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, ìgò mẹ́ta ló kù.

Bí mo ṣe rí i kò le. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Gbogbo ilé ti lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ, ibà ló mú èmi kalẹ̀. Mo jí, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí Bàbá lórí àpótí, ife tíì kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun pípọ́n wà nínú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ fún mi nínú tíì yín.”

Ẹlòmíràn á ní ó ti tán. Bàbá wò mí títí. “Kì í ṣe tíì, Àṣàkẹ́. Ọtí ni. Ìwọ ò lè mu ún. Jókòó.”

Mo jókòó. Bàbá nìkan ló ń pè mí ní oríkì, Rúkáyà ni àwọn yòókù ń pè mí. Ó sọ ohun tó ń ṣe fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ó mi ìgò, ó ní kí n wo ìfófòó orí rẹ̀: ti ọtí tó le máa ń tóbi, á sì tètè bẹ́, ti èyí tí wọ́n bu omi là á wẹ́, á sì pẹ́. Ó kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kejì ra á títí ó fi gbẹ, ó gbé e símú. “Àgbàdo nìyí,” ó ní. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ ń sun àgbàdo tà lẹ́bàá títì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òórùn ọwọ́ ìyá òun ni. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbóòórùn igi, nítorí inú àgbá onígi tuntun ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á sì ti fi iná jó inú àgbá náà títí á fi di èédú. Mo gbóòórùn igi lóòótọ́. Mo tún gbóòórùn súgà tó jóná díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí ó dùn mọ́ mi nímú.

Ó ya ẹnu díẹ̀ bó ṣe ń gbóòórùn ife. Ó ní bí èèyàn bá pa ẹnu dé, tó fi imú nìkan fà á, á jó o. Ó fi ìka kán omi sí i, ìkán méjì péré. Ó fi ètè kàn án, ìwọ̀nba tó lè mú ahọ́n tutù, ó sì dúró. Èyí àkọ́kọ́ kò sí fún adùn, ó ní kí ahọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rù ná. Ìgbà tó yá ló wá mu díẹ̀ gidi, ó ń yí i kiri ẹnu, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ní nǹkan lábẹ́ eyín, ó gbé e mì, ó sì rọra mí jáde nímú. Ó ní súgà jíjó, ó ní èèpo ọsàn gbígbẹ, ó ní ata díẹ̀ ní ìdí ahọ́n, lẹ́yìn náà ooru tó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àyà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú rẹ̀ kéré sí i. N kò tíì rí àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù, nítorí mo ti rò pé ohun tó lè gbé èèyàn wọná á máa korò lẹ́nu ni.

Ife kan ṣoṣo ni, kò tó ṣíbí mẹ́ta. Ó dé ìgò náà. Mo bi í pé ṣé kò ní mu sí i.

“Ẹni tó bá bu ìkejì kò tọ́ ọ wò mọ́,” ó ní. “Ó kàn ń mu ún ni.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ọjọ́. Mo mú èédú, mo ń fa ilà sára ògiri lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, ilà kan fún ọjọ́ kan títí á fi pé ogójì, màá sì fi omi pa á rẹ́. Ìgbà mẹ́ta lọ́dún ló máa ń tọ́ ọ wò: nígbà òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ dé, àti ìgbà kan tí n kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ń ṣe ìmámù fún wa nílé, tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀, màá máa rò ó pé ìrun tiwa náà ń já bọ́ lójú ọ̀nà. Bí ó bá wúkọ́ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, n kò ní lè jẹun. Bí ogójì bá pé tí kò kú, màá sùn bí òkú.

Lọ́dún kejì, ẹ̀rù náà kọjá agbára mi. Mo da ìdajì ìgò sí kòtò ìdọ̀tí, mo se tíì tó pọ́n dáadáa, mo fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi ìgò, ó wo ìfófòó, ó rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó tọ́ ọ wò.

“Àṣàkẹ́! Jáde.”

Mo jáde. Ìtọ̀ ti fẹ́ bọ́ lára mi.

“Súgà rẹ̀ kò tó,” ó ní. Mo bú sẹ́kún, mo ní, “Bàbá, ẹ ó wọná.” Kò nà mí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí mo bá ti dàgbà tó láti bẹ̀rù fún òun, mo dàgbà tó láti sọ ọ́ sí òun lójú, kí n má tan ahọ́n òun jẹ. Lẹ́yìn náà ó sọ gbólóhùn tí n kò lè gbàgbé láéláé.

“Ó ń ba èmi náà lẹ́rù, ọmọ mi.”

Ohun kan wà tí gbogbo Kalley fi ń rántí Bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí oníkálùkù ṣe ń rò ó yàtọ̀. Mo ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ìjà oyin yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, kò tíì parí. Múfútáù, ọmọ Alfa Ìsáàkà, ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó ń bì, orí ń fọ́ ọ, ó ní funfun ni òun ń rí káàkiri. Ilé kún. Àwọn kan ní ojú burúkú ni, àwọn kan ní ẹja tó jẹ lánàá ni. Alfa kọ ẹsẹ Kùránì sí wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó ń fún ọmọ náà ní omi rẹ̀ mu. Omi náà ń dà sí ọmọ lára.

Bàbá gbọ́, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ẹnu Múfútáù.

“Kí ló mu?”

“Kò mu nǹkan kan,” ìyá rẹ̀ dáhùn. “Ọmọ Alfa ni o, Bàbá.”

“Mo mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Kí ló mu?”

Àbúrò Múfútáù obìnrin ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wò ó lójú. Ọmọbìnrin náà sáré wọ yàrá, ó sì gbé ìgò kan jáde lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Wísíkì ni wọ́n kọ sí i lára, pẹ̀lú àwọ̀ wúrà. Gbogbo ilé ké pé, “Lá ìláhà illa-lláhù!”

Bàbá gba ìgò náà, ó mì í, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ ohun tó kù. Mo di apá agbádá rẹ̀ mú. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe níbí.” Ó rọra bọ́ ọwọ́ mi. Níwájú Alfa, níwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, níwájú àwọn obìnrin àti ọmọ wọn, ó kán ọtí náà sí ìka, ó lá a, ó sì tu ú sílẹ̀.

“Kò sí àgbàdo níbí. Kò sí igi. Súgà jíjó ni wọ́n fi pa á láró, ohun tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Májèlé ni. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí òpítà, ẹ mú ìgò yìí dání, ẹ sọ fún dókítà pé ọtí ayédèrú ló mu. Ẹ má sọ pé ẹja.”

“Bàbá,” Alfa pè é, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. “Báwo lẹ ṣe mọ bó ṣe yẹ kó rí?”

Irọ́ pọ̀ tó lè pa. Ó lè ní òyìnbó òun ló sọ fún òun. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí Bàbá parọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

“Mo ti ń mu èyí tó dáa ọjọ́ ti pẹ́, Alfa. Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ lọ.”

Dókítà ní bí wọ́n bá fi di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tó mu, ojú Múfútáù méjèèjì ni ì bá lọ, bóyá ẹ̀mí rẹ̀ náà. Múfútáù wà láàyè títí dòní, ojú òsì rẹ̀ ni kò ríran dáadáa.

Kò sẹ́ni tó lé Bàbá ní mọ́ṣáláṣí. Àyè kan kàn máa ń ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún rẹ̀ àti lápá òsì, Bàbá á sì rọra sún títí èjìká rẹ̀ á fi kan ti ẹni tó tẹ̀lé e. Wọn kò gbé oyin wá mọ́. Èmi kì í lè wo ojú ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, Alfa wá sílé wa, ó jókòó lórí ẹní, ó sunkún, ó dúpẹ́. Ó wá di ọwọ́ Bàbá mú.

“Bí ẹ bá ṣáájú mi, èmi ni mo máa kí ìrun sí yín lára. Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó ṣòro fún mi.”

Bàbá ṣe túúbá, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ Alfa, ó ní òun kò ní mu ún mọ́. Ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo fọ ògiri ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù títí ó fi mọ́.

Ìgò tó gbẹ̀yìn ṣì kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí mo ń kó lọ sí Talladjé, ó ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mi. Mo ní kí n kúkú dà á nù. Ó mi orí.

“Mo ti fi í sílẹ̀,” ó ní. “Mi ò sọ pé mo kórìíra rẹ̀.”

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tọ́jú rẹ̀ sínú àpò àjákù aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sí oníbàárà tó wo apá ibẹ̀ tí àyà mi kò já. Ọdún mẹ́jọ náà ni Bàbá kò béèrè rẹ̀. Kò tọ́ ọ wò nígbà òjò, kò tọ́ ọ wò nígbà ọyẹ́.

Àìsàn tó pa á, àyà ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n ló kọ́kọ́ mú lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Talladjé lójoojúmọ́ láti tọ́jú rẹ̀. Mo fún un ní ẹ̀kọ, ó ní eérú ni. Mo fi oyin kàn án lẹ́nu, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

“Omi ni, iyọ̀ ni, oyin ni, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, Àṣàkẹ́.” Ó nu ojú. “Gbé ìgò yẹn wá.”

“Bàbá! Túúbá yín ńkọ́?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ tún nǹkan mìíràn béèrè. Ohunkóhun.”

“Èyí tó le jù nínú ohun tí ahọ́n mi mọ̀ nìyẹn. Bí kò bá gbọ́ èyí, a jẹ́ pé ó ti kú ṣáájú mi. Mo fẹ́ mọ̀ ni.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ̀. Kò tún béèrè mọ́, ó kàn ń wo ògiri, kò sì jẹun. Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi ìborùn di ìgò náà, mo wọ tasí láti Talladjé. Obìnrin méjì ló há mi mọ́ àárín. Gbogbo kòtò tí tasí náà bá bọ́ sí, màá rò ó pé ìdérí ti ṣí, gbogbo ọkọ̀ ti ń gbóòórùn mi. Nígbà tí mo dé Kalley, ilé dá. Mo da á sínú ife tíì, mo fi ìka kán omi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé orí Bàbá sókè, mo fi ife náà sí i lọ́wọ́.

Mo wá yí ojú mi sí ògiri. N kò lè wò ó. Mo gbọ́ tí ó ń fa imú díẹ̀díẹ̀ bíi ti ìgbà yẹn. Ó wúkọ́. Àwo tó ń tu itọ́ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló tu ú sí. “Gbé e lọ,” ó ní. Mo di ojú, mo gbé àwo náà jáde, mo fọ̀ ọ́ láì wò ó. Mo da èyí tó kù nínú ìgò sí kòtò. N kò bi í léèrè, kò sì sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Bí wọ́n ṣe wẹ òkú Bàbá tán, tí wọ́n dì í, wọ́n gbé e sí àárín ọgbà. Àwa obìnrin wà nínú yàrá, mo dúró sójú fèrèsé. Alfa Ìsáàkà jáde síwájú. Ní tiwa, kí wọ́n tó kí ìrun, olórí á bi àwọn èèyàn léèrè ẹ̀rí tí wọ́n ní lórí òkú, wọ́n á sì dáhùn. Mo ti gbọ́ ọ ní àìmọye ìgbà, n kò bẹ̀rù rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, mo di irin fèrèsé mú.

“Ẹ̀yin èèyàn, irú ẹni wo lẹ mọ ọkùnrin yìí sí?”

Wọ́n dákẹ́. Ó lè má ju ìmí kan lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn kan ń wo ilẹ̀. Ẹni tó béèrè ló kọ́kọ́ dáhùn. “Ẹni rere ni,” Alfa ní, ohùn rẹ̀ ròkè. Gbogbo ọgbà wá gbà á: “Ẹni rere ni!” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí mi ni pé Alfa kò mọ̀. Mo ti fi ọwọ́ mi ba túúbá tó wà láàárín àwọn méjèèjì jẹ́, mo sì jẹ́ kí ó dúró níwájú Ọlọ́run láì mọ ohun tó ń jẹ́rìí sí.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo lọ bá a. Ó wà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀: ìgò, tasí, ife tíì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Alfa. Ogójì ọjọ́.”

“Èmi ni.” Ó gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀. “Rúkáyà, mo ti ń retí rẹ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọjọ́ kejì tí o bù ú fún un ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, ‘Alfa, mo ti ba túúbá mi jẹ́, ẹ wá bá mi tún un ṣe.’ A sì tún un ṣe. Ó ní ìwọ á máa ka ọjọ́. Ó ní bí o bá wá, kí n sọ fún ọ pé òun ló bẹ̀ ọ́.”

“Ṣé Ọlọ́run gbà á, Alfa?”

“Mi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Gbogbo ìrun ni mo ń tọrọ ẹ̀ fún un.”

Ohun kan ṣì wà tí n kò lè bi ẹlòmíràn léèrè láyé. Mo ní, “Alfa, mo kọ ẹ̀yìn sí i lọ́jọ́ náà. Ṣé ó tu ú dànù ni?”

Alfa Ìsáàkà fi etí agbádá nu ojú rẹ̀.

“Rárá o. Ó gbé e mì. Bí mo ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú tá a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ túúbá, ó ní kí n dúró ná, òun ò fẹ́ fi irọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, Alfa. Ó dùn.’”